Títa bàálù kékeré tiyín láti Amẹ́ríkà sí òkè òkun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ní bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà, irú bíi Cessna 172, Piper Cherokee, Bonanza tàbí Cirrus, tó ń wà á fúnra rẹ̀, tí ẹnì kan láti Ìlú Ọba, Jámánì, Brazil tàbí Nàìjíríà wá ń bi í pé èló ló fẹ́ tà á. Kò sí ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀tì olówó níbí. Òfin tiwọn lọ́tọ̀. Bí irú ọjà yìí bá máa bàjẹ́, ìdí ìwé ló ti sábà máa ń bàjẹ́, nítorí náà ìwé ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ṣé ó tiẹ̀ pé kí n tà á sókè òkun nígbà tí ọjà wà nílé?

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ọjà ilé. Kò sí orílẹ̀-èdè tí bàálù kékeré pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà. Láàárín ọmọ Amẹ́ríkà méjì, ìwé títà ojú ewé kan àti owó ìforúkọsílẹ̀ dọ́là 5 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti parí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ FAA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú.

Àmọ́ olùrà òkèèrè náà mọ ìdí tó fi ń wo ibí. Cessna ti ṣe 172 tó lé ní 44,000 láti 1956, Amẹ́ríkà sì ni púpọ̀ nínú wọn wà, nítorí náà ibí ni ẹni tó bá fẹ́ ṣa èyí tó wù ú máa ń wá. Bàálù tó gbé aṣálẹ̀ Arizona dàgbà, tí ìpẹtà ò rí jẹ, máa ń wù wọ́n ju èyí tó ti ń mu òjò Scotland láti ọgbọ̀n ọdún lọ.

Èrò tèmi ni pé bàálù olówó pọ́ọ́kú kò yẹ fún ìrìn àjò yìí. Owó tí wọ́n máa fi gbé e kọjá òkun, owó àyẹ̀wò àti owó rédíò tuntun kì í wo iye tí wọ́n ra bàálù kí ó tó jẹun. Bí ẹ bá ní 172 àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń sún mọ́ àtúnṣe ńlá, ẹ tà á fún ọmọ àdúgbò. Tó bá jẹ́ Diamond tó ń lo epo jẹ́ẹ̀tì ni, tàbí Cirrus tó mọ́ tónítóní, tàbí irú kan tí wọn ò ṣe mọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ń wá kiri, wàhálà rẹ̀ lè tó ohun tí èèyàn ń jẹ.

Níbo ni mo ti lè polówó rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa mọ iye rẹ̀?

Trade-A-Plane, Controller àti Barnstormers ni wọ́n mọ̀ jù níbí, àwọn ará òkèèrè náà sì ń kà wọ́n. Planecheck làwọn ará Yúróòpù ń lò, AFORS ni ti Ìlú Ọba. Fún iye, ẹ wo Vref, ìyẹn àkójọ tó ń díye lé bàálù, kí ẹ wá fi wé irú bàálù kan náà, ọdún kan náà, wákàtí ẹ́ńjìnnì kan náà, tó wà lójú ọjà lọ́wọ́. Ẹ kọ iye yín ní dọ́là, ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti máa fà á lé olùrà lọ́wọ́, nítorí "dọ́là 120,000 ní Texas" àti "dọ́là 120,000 ní Prestwick ní Scotland" kì í ṣe iye kan náà rárá.

Kí ni olùrà òkèèrè máa kọ́kọ́ béèrè?

Logbook, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára bàálù sí. Kó tó béèrè àwòrán àga inú rẹ̀, kó tó béèrè bóyá ẹ lè já owó lé e, ó máa ní kí ẹ ya gbogbo ojú ewé logbook ránṣẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́: ti ara bàálù, ti ẹ́ńjìnnì, ti pùròpélà. Ó fẹ́ rí i láti ọjọ́ tó ti jáde nílé iṣẹ́ títí di òní. Bí ìwé bá dákẹ́ láti 1983 di 1991, ibẹ̀ ni gbogbo ìbéèrè rẹ̀ máa dúró sí. Ṣé ó jábọ́ láàárín ìgbà yẹn ni? Ṣé abẹ́ igi ni wọ́n gbé e sí? Ẹ̀yin mọ̀ pé háńgà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Hamburg kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ mú ìwé ẹ́ńjìnnì, ẹ jókòó tì í bí olùrà ṣe máa jókòó tì í. Lycoming sọ pé kí wọ́n tú irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ 172 palẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2,000, tàbí ọdún 12 bí wákàtí náà ò bá tíì pé. Ọdún yẹn ni àwọn tó ń tà máa ń dọ́gbọ́n fò dá. Ẹ́ńjìnnì tó ṣe wákàtí 400 péré láti ìgbà àtúnṣe ńlá dùn ún gbọ́, àmọ́ bí àtúnṣe náà bá ti pé ọdún 19, ó túmọ̀ sí pé ó jókòó ju bó ṣe fò lọ. Ẹ́ńjìnnì tó bá jókòó, omi inú afẹ́fẹ́ á wọnú rẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀pá káàmù, irin wínníwínní á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú fílítà òróró. Olùrà tó gbọ́n máa béèrè èsì àyẹ̀wò òróró ẹ́ńjìnnì. Ó tún máa wo nọ́ńbà kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí sílíńdà náà ṣe ń di afẹ́fẹ́ mú tó, èyí tí mẹkáníìkì máa ń kọ bíi 76/80, 74/80, 77/80. Tí mẹ́ta bá wà ní 76 tí ọ̀kan wá já sí 58, ẹ tètè mọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó bi yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àṣẹ FAA tí wọ́n ń pè ní AD, ìyẹn àtúnṣe tí òfin fi dandan lé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín to gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan: nọ́ńbà AD, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ìgbà tó tún máa yí ká. Fún ẹni tó ní Piper PA-28, ìyẹn ìdílé Cherokee, ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí kò sí olùrà tí kì í béèrè rẹ̀. Ní April 2018 apá bàálù PA-28R kan tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ Embry-Riddle já lójú òfuurufú ní Daytona Beach, èèyàn méjì sì kú. Irin àárín apá ló ti sán láìfojú hàn. Látàrí rẹ̀ ni FAA fi gbé AD 2020-26-16 jáde pé kí wọ́n fi ohun èlò yẹ ihò bóòtù ibẹ̀ wò. Ẹ wo ìwé yín dáadáa bóyá bàálù yín wà lára àwọn tó kàn, bóyá wọ́n sì ti ṣe é.

Form 337 náà ńkọ́? Òun ni ìwé tí mẹkáníìkì fi máa ń sọ fún FAA pé a ti ṣe àtúnṣe ńlá tàbí àyípadà ńlá. Ẹ̀rọ GPS tuntun, táńkì epo tí wọ́n fi kún un, apá tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá: gbogbo rẹ̀ yẹ kó ní tirẹ̀. Nílé, mẹkáníìkì lè gbójú fo ohun kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ọn ní 1987. Aláyẹ̀wò òkèèrè ò ní gbójú fò ó, torí lójú tirẹ̀, ohun tí kò ní ìwé kò yẹ kó wà lára bàálù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò sí gbèsè lórí bàálù mi?

Ẹ má fi ẹnu sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó ní Oklahoma City. Ibẹ̀ ni FAA ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo bàálù tó ní nọ́ńbà N, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ olówó àkọ́kọ́ títí dé orí yín, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣàwárí rẹ̀ fún èèyàn sì kún agbègbè náà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó polówó.

Ohun méjì ló sábà máa ń yọjú. Àkọ́kọ́ ni báńkì tó ti gba owó rẹ̀ pé láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò fi ìwé ránṣẹ́ sí Oklahoma pé gbèsè ti tán. Lójú FAA, gbèsè yẹn ṣì wà síbẹ̀, bí báńkì náà bá sì ti pa orúkọ dà nígbà méjì, wíwá ẹni tó máa buwọ́ lù ú lè gba oṣù. Èkejì ni orúkọ tó já láàárín: bàálù tí tọkọtaya jọ ra, tí ọkọ nìkan wá buwọ́ lu ìwé títà, tàbí ilé iṣẹ́ LLC tó ti kú kó tó ta ohun ìní rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn yín lè ní sùúrù. Ẹni tó ti yá owó báńkì ní London kò ní í ní sùúrù.

Ẹ tún yẹ ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ tiyín máa parí wò. Láti January 2023 ni FAA ti sọ ọ́ di ọdún 7. Ọdún 3 ni tẹ́lẹ̀.

Ìwé àdéhùn Cape Town tí wọ́n ń sọ, ṣé ó kàn mí?

Kò kan bàálù kékeré. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àti gbèsè orí bàálù ni, ó sì wà fún bàálù tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó lè gba ó kéré tán èèyàn 8 pẹ̀lú awakọ̀, àti ẹ́ńjìnnì tó lágbára tó 550 ẹṣin sókè. 172 gba èèyàn 4, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Bí alágbàtà kan bá ń bu owó ìforúkọsílẹ̀ Dublin, níbi tí ìwé àdéhùn náà wà, mọ́ yín lórí Cherokee, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ìgbà wo ló yẹ kí n yọ nọ́ńbà N kúrò?

Ìbéèrè yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ọjà rú, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àdéhùn Chicago ti 1944 sọ pé bàálù kan kò lè wà lórí ìwé orílẹ̀-èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà CAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Ìlú Ọba, kò ní fún un ní lẹ́tà G, LBA ti Jámánì kò sì ní fún un ní D, àfi tí FAA bá sọ fún wọn tààrà pé a ti yọ ọ́ kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin olówó rẹ̀ lẹ máa kọ̀wé sí FAA pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ máa dárúkọ orílẹ̀-èdè tó ń lọ, nọ́ńbà N, irú rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i lára. Bí gbèsè bá wà lórí rẹ̀, ẹni tó ni gbèsè náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. FAA á wá kọ̀wé sí àjọ orílẹ̀-èdè kejì.

Wàá rí i pé ihò kan wà láàárín. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá yọ nọ́ńbà N, bàálù náà kò ní orílẹ̀-èdè mọ́ títí tí ti tuntun á fi dé, bí kò bá sì ti ní, kò gbọ́dọ̀ gbéra. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tún mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí ẹ yọ nọ́ńbà náà kí ó tó kú. Lójú òfin FAA, ìforúkọsílẹ̀ yín ti dópin ní ọjọ́ tí ẹ bá ti fi bàálù náà di ti ẹlòmíràn. Ọmọ Amẹ́ríkà tó rà á lè fi ìwé ìgbà díẹ̀ máa fò ó nínú Amẹ́ríkà títí tiẹ̀ á fi dé. Ará Britain tó rà á kò ní ẹ̀tọ́ sí ìwé yẹn, àti pé ìwé náà kì í kọjá ààlà.

Bó ṣe yẹ kí ẹ tò ó wá dá lórí ọ̀nà tí bàálù máa gbà lọ. Bí kọ̀ǹténà ló máa wọ̀, kò sí wàhálà: owó á dé ọwọ́ ẹni àárín tó ń di owó mú fún ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á fi ìwé títà àti ìwé ìyọkúrò sílẹ̀ ní Oklahoma ní ọjọ́ kan náà, wọ́n á tú apá rẹ̀, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Bó bá jẹ́ pé fífò ló máa fò lọ, ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni kí bàálù ṣì jẹ́ tiyín títí tí táyà rẹ̀ á fi kan ilẹ̀ níbi tó ń lọ. Owó olùrà á ti wà lọ́wọ́ ẹni àárín, ẹ̀yin á ti buwọ́ lu ìwé títà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni náà, àmọ́ ọjọ́ tí awakọ̀ bá pè pé òun ti balẹ̀ ni wọ́n á tó kọ déètì sí i. Ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín ní gbogbo ọ̀nà, kí wọ́n sì dárúkọ awakọ̀ náà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìnṣọ́ránsì ló ń gbà kí bàálù ẹ́ńjìnnì kan kọjá Àtìláńtíìkì, ẹ béèrè ní kíkọ.

Ṣé olùrà kò kúkú lè máa lo nọ́ńbà N náà lọ lọ́hùn-ún?

Ó lè ṣe é, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe é. Ọmọ ìlú tàbí olùgbé títí ayé ní Amẹ́ríkà ló lè fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí náà olùrà á gba ọ̀nà trust: ará Amẹ́ríkà kan ni orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ìwé FAA, ti olùrà ni àǹfààní rẹ̀. Fún ẹ̀yin tó ń tà, ọ̀nà yìí rọrùn, torí kò sí ìyọkúrò, bàálù sì lè fò lọ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé orúkọ trust náà gẹ́lẹ́ ló wà lórí ìwé títà.

Kí ni ìwé ẹ̀rí ìkójáde tí wọ́n ń béèrè?

Òun ni FAA ń pè ní Form 8130-4. Ó ń sọ fún orílẹ̀-èdè tó ń gbà á pé bàálù yìí bá àpẹẹrẹ tí wọ́n fọwọ́ sí mu, ó sì wà ní ipò tó yẹ fún fífò. Aṣojú tí FAA fún láṣẹ ló sábà máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin tàbí olùrà ló sì ń sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa san án sínú ìwé àdéhùn. Ìlú tó ń gbà á ni ó máa sọ ohun àfikún tó ń fẹ́, nítorí náà kí olùrà béèrè lọ́dọ̀ àjọ tirẹ̀ kí aláyẹ̀wò tó dé.

Ẹ̀rọ wo ló wà nínú bàálù Amẹ́ríkà tí kò wúlò lókè òkun?

Rédíò ni àkọ́kọ́. Láti 2018 ni Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí rédíò lè gba àlàfo 8.33 kílóhẹ́ẹ̀tì, nígbà tó jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà ṣì ń lo 25. Bí rédíò yín bá jẹ́ àtijọ́, olùrà Jámánì máa yọ owó tuntun kúrò nínú iye tó fẹ́ san, kò sì ṣẹ̀ yín.

Èkejì ni ADS-B, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bàálù wà. Ìgbà tí FAA fi dandan lé e ní January 2020, ọ̀pọ̀ olówó bàálù kékeré ra èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí 978 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì torí pé ó dínwó. Amẹ́ríkà nìkan ni 978 yẹn ti wúlò. Ọ̀nà 1090 ni ayé tó kù ń gbà. Ẹ má kọ "ADS-B wà" sínú ìpolówó láìsọ èyí tó jẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń ké pe ìrànlọ́wọ́ nígbà ìjàǹbá náà wà níbẹ̀. Sátẹ́láìtì kò gbọ́ 121.5 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì mọ́ láti February 2009, 406 ni wọ́n ń gbọ́. Bàálù tó ń kọjá òkun pẹ̀lú ti àtijọ́ nìkan dà bí ẹni tó ń pariwo nínú ilé tí kò sí èèyàn.

Báwo ni mo ṣe máa gba owó mi láìsí jìbìtì?

Ẹ lo ẹni àárín tó ń di owó mú, kí ẹ̀yin fúnra yín yàn án tàbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí olùrà ló mú un wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ bàálù wà ní Oklahoma City, wọ́n á dúró ti owó àti ìwé pọ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹ wá fúnra yín, ẹ má pe èyí tó wà nínú íméèlì tí olùrà fi ránṣẹ́, torí ọlọ́gbọ́n burúkú a máa ya ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó jọ ti gidi.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni olùrà tí kò béèrè logbook, tí kò já owó, tó fi sọ̀wédowó báńkì tó ju iye lọ ránṣẹ́, tó wá ní kí ẹ fi èyí tó lé ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá òun gbé bàálù. Sọ̀wédowó á padà já sí ayédèrú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ á sì ti lọ. Mo ti sọ pé olùrà gidi máa ń fi ìwé dààmú èèyàn. Ẹni tí kò bá dààmú yín rárá, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Orúkọ Yorùbá ni mo ń jẹ́, ṣé àwọn olùrà kò ní máa fura sí mi?

Àwọn kan máa fura, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹni tó rí orúkọ láti Nàìjíríà lábẹ́ íméèlì tó ń sọ̀rọ̀ owó ńlá lè dákẹ́ láìdáhùn. Ẹ má bínú, ẹ má sì fi ìtàn ara yín gùn lọ títí. Ẹ fi nọ́ńbà N sínú ìpolówó kó lè wo orúkọ yín fúnra rẹ̀ lórí ojú ìwé FAA. Ẹ pè é lórí fídíò láti ẹ̀gbẹ́ bàálù náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi àwo nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kàn mọ́ ọn hàn án. Ẹ fún un ní orúkọ mẹkáníìkì tó ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún gbẹ̀yìn. Kí ó tiẹ̀ tó béèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ pé ẹni àárín ni ẹ fẹ́ lò. Ìyẹn máa ń tú ọkàn èèyàn sílẹ̀ ju àlàyé lọ.

Fífò ni àbí kọ̀ǹténà?

Apá 172 gùn tó mítà 11 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kó tó wọ kọ̀ǹténà onífíìtì 40. Ìtúpalẹ̀ àti ìtòpadà nílò mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní ìhà méjèèjì, ìtòpadà náà sì gbọ́dọ̀ wọ logbook. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni kankan kò ní fẹ̀mí wewu.

Fífò rọrùn lójú, ó le nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà àríwá ti ń gba Goose Bay ní Kánádà lọ sí Narsarsuaq ní Greenland, nǹkan bí 675 máìlì òkun, lẹ́yìn náà Reykjavik, kó tó kan Scotland. Narsarsuaq jẹ́ pápá tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ́ ní 1941, ó sì wà nísàlẹ̀ láàárín òkè ní ìdí omi tóóró kan. Bí kùrukùru bá bò ó lẹ́yìn tí awakọ̀ ti jìnnà sí Kánádà, ìṣòro dé nìyẹn. Táńkì ara 172 kò gbé e débẹ̀ pẹ̀lú epo àjẹṣẹ́kù tó yẹ, nítorí náà wọ́n á gbé táńkì àfikún síbi àga ẹ̀yìn. Táńkì yẹn ń fẹ́ ìwé tirẹ̀, bàálù á sì wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí, àfi kí FAA fúnni ní àṣẹ pàtàkì. Awakọ̀ máa wọ aṣọ rọ́bà tí omi dídì kì í gbà wọlé. Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń fi í jẹun ni. Bí àbúrò olùrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì bá ní òun máa wá wà á lọ, ẹ fọgbọ́n kọ̀ fún un, pàápàá bí bàálù bá ṣì wà lórúkọ yín.

Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà máa bi mí nípa ẹni tí mo tà á fún?

Dájúdájú. Ìkójáde ni, nítorí náà àkọsílẹ̀ ìkójáde gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní AES, yálà ọkọ̀ ojú omi ló gbé e ni tàbí òun fúnra rẹ̀ ló fò. Ẹ wo orúkọ olùrà lórí ìwé àwọn tí ìjọba fi òfin dè. Bàálù kékeré lásán kò nílò àṣẹ pàtàkì láti lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àmọ́ Kúbà, Ìráànì, North Korea àti Rọ́ṣíà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Bí olùrà bá wà ní orílẹ̀-èdè kan, tó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí òmíràn, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ pa mọ́.

Ta ló ń san VAT àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù?

Olùrà ni, lọ́dọ̀ tirẹ̀. VAT jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìlú Ọba, 19 ní Jámánì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò sí lára iye tiyín, torí àwọn kan máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí bàálù bá ti wà ní ibùdókọ̀ òkun.

Ẹbí kan ní Nàìjíríà ló fẹ́ rà á. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní?

Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé níbo lòun á ti máa rí epo. Avgas aláwọ̀ búlúù tí ẹ́ńjìnnì Lycoming ń mu kò wọ́pọ̀ nílé, ó sì wọ́n níbi tó bá wà. Epo jẹ́ẹ̀tì ló wà káàkiri pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìdí nìyẹn tí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bíi àwọn Diamond kan fi yẹ ibẹ̀ ju 172 lọ. NCAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà, ló ń fún bàálù ní lẹ́tà 5N, àwọn náà ló sì ń fún ẹni tó fẹ́ máa fò fún ara rẹ̀ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní PNCF. Ìwé yẹn kò gbà kí ó gba owó lọ́wọ́ èrò. Kí ẹbí yín sì mú aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù tó mọ bàálù kó tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí ẹni àárín ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ṣe é fún àjèjì. Ọ̀rọ̀ "a ó máa san án díẹ̀díẹ̀, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá" ti tú ilé ká rí.

Owó orí tèmi ńkọ́?

Bí ẹ bá tà á ju iye tí ẹ rà á, èrè náà ní owó orí nínú. Bó bá jẹ́ bàálù ìgbádùn ara yín tí ẹ tà á ní àdánù, ìjọba kò ní jẹ́ kí ẹ yọ àdánù náà kúrò nínú owó orí. Ẹni tó ti fi bàálù ṣiṣẹ́ ajé, tó ti ń yọ owó ogbó rẹ̀ lọ́dọọdún, lè bá owó orí ńlá pàdé lọ́jọ́ títà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ bàálù kan sí òmíràn láti sún owó orí síwájú ti dópin láti 2018. Ilé àti ilẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ tún lọ́tọ̀: ibi tí ẹ ti fà á lé olùrà lọ́wọ́ ni wọ́n máa wò, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé òkè òkun ló gbà.

Kí ni mo máa ṣe nígbà tí owó bá ti wọlé?

Ẹ kọ bó ṣe jẹ́ sẹ́yìn ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ dá a padà sí Oklahoma. Ẹ má fagi lé ìnṣọ́ránsì àfi tí ẹ bá rí ìwé pé bàálù ti di ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ wo ojú ìwé FAA bóyá orúkọ yín ti kúrò lóòótọ́. Bó bá ṣì wà, ẹ pè wọ́n, torí orúkọ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá bí bàálù náà bá lọ ṣe ohun tí kò dáa níbì kan. Àwòrán logbook, ìwé títà, ìwé ìyọkúrò, nọ́ńbà AES àti ẹ̀rí owó, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn.